Atropine: 3 mg ni òpin nínú orí kan, 36 mg ni wọ́n kọ sí orí kejì. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Akẹ́kọ̀ọ́_Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ atropine ló rú mi lójú. Ìwé iṣẹ́ wa sọ pé bí ọkàn àgbàlagbà bá ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ jù, 1 mg ni ká fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ká tún un fún ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 síra, kó má ju 3 mg lọ lápapọ̀. Nígbà tí mo ṣí orí tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó mu oògùn kòkòrò, kò sí òpin kankan níbẹ̀. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ṣe ìṣirò dé 36 mg láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ìlọ́po 12 ohun tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kọjá nìyẹn! Atropine yìí kan náà ni wọ́n sọ pé ó wà nínú gegemu tó ń da orí èèyàn rú.

Báwo ni méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́? Kí sì ni ẹni tó ń fún un lóògùn ń wò tó fi máa mọ̀ pé ó tó?

Dókítà_Pàjáwìrì

Ìbéèrè gidi nìyí, àbúrò. Méjèèjì jẹ́ òótọ́.

Acetylcholine ni iṣan ara fi ń jíṣẹ́. Bó bá dé ẹnu, itọ́ á sun. Bó bá dé abíyá, òógùn á jáde. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, omi àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á pọ̀, ọ̀nà èémí á sì fún. Lára ọkàn, lílù rẹ̀ á dẹwọ́. Gbàrà tó bá jíṣẹ́ tán, èròjà mìíràn, cholinesterase, á gé e sí wẹ́wẹ́. Ohun tí DDVP inú ọ̀tápiàpiá ń ṣe ni pé ó ń so mọ́ cholinesterase, kò ní jẹ́ kó lè gé nǹkan kan mọ́. Òjíṣẹ́ ń dé, kò sí èyí tó ń lọ. Itọ́ ń dà, omijé ń dà, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ìtọ̀ ń jáde fúnra rẹ̀, ọmọlójú kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ̀dọ̀fóró sì kún fún omi. Omi ẹ̀dọ̀fóró yẹn ló ń tètè pani.

Atropine kì í fọwọ́ kan DDVP rárá. Ìjókòó tí acetylcholine fẹ́ jókòó lé lára ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹnu ni òun lọ ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Lára ẹni tí kò mu májèlé, 3 mg ti gba èyí tó wà lára ọkàn tán, bí a bá fi kún un, ìpalára la fi kún. Lára ẹni tó mu DDVP, acetylcholine ti pọ̀ bí èrò ọjà, wọ́n sì jọ ń du ìjókòó kan náà ni. Èyí tó bá pọ̀ jù ló ń gbà á. Òpin 3 mg kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ tan.

Bí a ṣe ń fún un: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.8 mg sí 3 mg. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì yí padà, ẹ fún un ní ìlọ́po méjì èyí tẹ́ ẹ fún un kẹ́yìn, ìṣẹ́jú 5 sí i, ìlọ́po méjì tìyẹn náà. Kì í ṣe 2 mg, 2 mg lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò. Ìwádìí kan ní Bangladesh tó jáde ní 2012 fi ọ̀nà méjèèjì wéra lára aláìsàn 156. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní ìwọ̀n kan náà léraléra bíi ti àtijọ́, 22.5 nínú 100 ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n ń fún ní ìlọ́po méjì, tí wọ́n sì fi dírípù tẹ̀ lé e, 8 nínú 100 ni. Ọ̀nà àtijọ́ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 152 kí atropine tó ràn wọ́n, èkejì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 24.

Ohun tí a ń wò: àyà tó mọ́, tí kò hó, tí kò súfèé lábẹ́ stethoscope, ọkàn tó ń lù ju 80 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ ju 80 lọ, abíyá tó gbẹ, ọmọlójú tí kò rí bí orí abẹ́rẹ́ mọ́. Àyà ni olórí wọn.

Kẹmíìsì_Àdúgbò

Dókítà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ àwa ni pé bí ojú bá ti fẹ̀, tí ọkàn sì ti ń sáré dé 120, oògùn ti tó, ká dá a dúró. Ṣé wọ́n ṣì wá lọ́nà ni?

Dókítà_Pàjáwìrì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú dá a dúró. Ọmọlójú lè pẹ́ kó tó fẹ̀, pàápàá bí oògùn kòkòrò náà bá ta sí i lójú gangan. Nígbà mìíràn ojú kan á fẹ̀, ìkejì á ṣì kéré. Ó tún lè fẹ̀ tán kí omi ṣì máa hó nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó dá oògùn dúró níbẹ̀ ti fi aláìsàn sílẹ̀ sínú omi.

Ọkàn tó ń sáré náà kì í ṣe ìdí láti dáwọ́ dúró. Àìtó ọ́síjìn lè mú un sáré, bẹ́ẹ̀ náà ni omi ara tó gbẹ, ìbẹ̀rù, àti DDVP fúnra rẹ̀. Bí àyà ṣì ń hó káàkiri, ẹ máa bá a lọ.

Ibi kan wà tó ṣòro. Bí ìhó náà bá wà ní ìhà kan ṣoṣo, bóyá ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, èébì tàbí kẹrosíìnì ló ṣeé ṣe kó gba ibẹ̀ wọlé. (Kẹrosíìnì ni wọ́n sábà máa ń fi po ọ̀tápiàpiá tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kéékèèké.) Atropine kò lè gbẹ ìyẹn láéláé, bí ẹ bá sì ń lé e, ẹ ó fi oògùn ya aláìsàn ní wèrè. Omi DDVP máa ń hó ní ìhà méjèèjì.

Wọ́ọ̀dù_Kẹta

Àbúrò mi akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ kí n fi kún un láti ìhà tiwa tí à ń fọ́ ampoule (ìgò kékeré tí omi abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀), nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́.

Ẹ ka ara ampoule kẹ́ ẹ tó ṣírò. Èyí tó jẹ́ 0.6 mg wà, èyí tó jẹ́ 1 mg náà wà, wọ́n sì jọra. Bó bá jẹ́ 0.6 mg nínú 1 ml, 4 ni ìgbà àkọ́kọ́ (2.4 mg), 8 ni ìgbà kejì (4.8 mg), 16 ni ìgbà kẹta (9.6 mg), 32 ni ìgbà kẹrin (19.2 mg). Àpapọ̀ jẹ́ ampoule 60, ìyẹn 36 mg tó wà nínú ìwé rẹ. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló ń dé ìgbà kẹrin, àmọ́ ẹni tó bá máa dé ibẹ̀ kò ní dúró de ẹni tí wọ́n rán lọ ra oògùn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbé e wọlé, kí ẹnì kan pe ilé oògùn lójú ẹsẹ̀ pé ampoule 60 là ń fẹ́, kì í ṣe 10. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa fọ́ ampoule, kó máa fà á sínú sírínjì 20 ml, kí ẹlòmíràn máa fún un. Ampoule 16 wọ sírínjì kan, 32 gba méjì. Ẹ má kó ìgò tó ti ṣófo dànù. Ẹ tò wọ́n sínú àwo kan kẹ́ ẹ lè kà á bí àríyànjiyàn bá dé. Ẹ la bébà sí ọ̀nà: aago, iye mg, àyà ọ̀tún, àyà òsì, lílù ọkàn, ìfúnpá, ojú, abíyá. Ìlà kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Bí àyà bá ti mọ́, ìdá 10 sí 20 nínú 100 àpapọ̀ tó gbà ni à ń fi sí dírípù fún wákàtí kan. Ẹni tó gba 36 mg á máa gba 3.6 mg sí 7.2 mg ní wákàtí kan. Ibi tí àárẹ̀ ti ń mú èèyàn nìyí: àyà mọ́ ní aago méjì òru, gbogbo wa mí kanlẹ̀, a gbàgbé dírípù, nígbà tó máa di aago mẹ́rin omi ti padà. DDVP ṣì wà nínú ara rẹ̀.

Bí atropine bá wá pọ̀ jù, ara á gbóná, aláìsàn á máa ṣe ìrànrán, á máa fọwọ́ já ohun tí kò sí nínú afẹ́fẹ́, ìtọ̀ á há, inú á sì dákẹ́. Ẹ gbé stethoscope lé ikùn, ẹ kò ní gbọ́ ìró kankan. Ẹ dá dírípù dúró, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra. Bó bá ti rọlẹ̀, ẹ padà sí ìdá 70 sí 80 nínú 100 iye ti tẹ́lẹ̀.

Àgbẹ̀_Òkè-Ògùn

Ẹ kú àlàyé, mà. Àwa tí ilé ìwòsàn jìnnà sí ńkọ́? Epo pupa ni gbogbo èèyàn máa ń sáré fún ẹni tó bá mu oògùn kòkòrò, kó lè bì.

Wọ́ọ̀dù_Kẹta

Ẹ má fún un ní epo, bàbá. Ẹ má fún un ní wàrà, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹni tó mu DDVP lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí kí gìrì gbé e. Bó bá bì nígbà yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ni epo àti kẹrosíìnì ń gbà lọ. Epo kì í ṣe ẹ̀rọ̀ DDVP.

Ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹnu kọjú sísàlẹ̀ díẹ̀ kí itọ́ lè máa dà síta. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́, ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ ara àti irun rẹ̀. Ẹ mú ìgò náà dání, kí dókítà rí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì gbéra. Nínú gbogbo rẹ̀, gbígbéra kíákíá ló ṣe pàtàkì jù.

Ohun kan ṣì wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mu ún, ìbànújẹ́ ló mú wọn dé ibẹ̀. Etí wọn ṣì ń gbọ́ràn nígbà tí ojú bá ti pa dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bú u lórí bẹ́ẹ̀dì.

Apòògùn_Ìbàdàn

Mo ti wọ́ọ̀dù yín wá síbi igi tí oògùn náà ti wá.

Ní 1831, apòògùn ará Jámánì kan, Mein, rí atropine yọ lára gbòǹgbò Atropa belladonna. Ohun tó pọ̀ jù nínú igi tútù ni hyoscyamine. Nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́, ìdajì rẹ̀ á yí padà bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe yàtọ̀ sí ọwọ́ òsì, àdàpọ̀ méjèèjì ni à ń pè ní atropine. Ọwọ́ òsì ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ọmọ ìyá wọn ni hyoscine, òun ló sì pọ̀ jù nínú gegemu níbi púpọ̀, ó máa ń wọ ọpọlọ kíákíá. Bí ẹ bá ti lo Buscopan fún inú rírun rí, hyoscine tí wọ́n so nǹkan mọ́ kó má lè wọ ọpọlọ lẹ lò yẹn.

Lára àgbàlagbà tí kò mu májèlé, 0.5 mg atropine á mú ẹnu gbẹ díẹ̀. Bó bá di 2 mg, ọkàn á máa sáré, ojú á fẹ̀, ìwé kíkà á ṣòro. Bó bá tó 10 mg, orí á dàrú pátápátá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ra! Ampoule ṣeé gbẹ́kẹ̀lé nítorí pé 0.6 mg ni 0.6 mg. Ewé kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé méjì láti ara igi kan náà kò ní ìwọ̀n kan náà: ọjọ́ orí igi, òjò, ilẹ̀, apá ibi tí wọ́n ti já a, gbogbo rẹ̀ ló ń yí i padà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ iye ewé gegemu tó jẹ́ oògùn ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn dánwò.

Ewé_ń_jẹ́

Apòògùn, òótọ́ lẹ sọ, èmi tí mo fẹ́ràn ewé gan-an sì gbè yín lẹ́yìn. Kí gbogbo èèyàn lè dá a mọ̀: gegemu, tí àwọn mìíràn ń pè ní apikan, ni Datura metel. Orí ààtàn, ẹ̀bá ọ̀nà àti ẹ̀yìnkùlé ló ti ń hù. Òdòdó rẹ̀ gùn bíi kàkàkí, ó lè funfun, ó lè ní àwọ̀ àlùkò, ìrọ̀lẹ́ ló ń là. Èso rẹ̀ rí róbótó, ẹ̀gún kúkúrú bò ó lára, ó sì ń dorí kodò. Bó bá gbó, á fọ́, kóró pẹlẹbẹ á kún inú rẹ̀ bámúbámú. Oró wà láti gbòǹgbò títí dé kóró.

Wọ́n ti fi èéfín ewé irú igi yìí tọ́jú ikọ́ fée rí, ní Íńdíà àti ní Yúróòpù. Ó máa ń la ọ̀nà èémí lóòótọ́. Ipratropium inú ìfàsímú tó wà lónìí, ara atropine ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, kì í sì wọ ọpọlọ. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa padà sídìí èéfín.

Ohun tó dùn mí jù ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kóró rẹ̀ wá ayọ̀. Ohun tó ń fúnni kì í ṣe ayọ̀. Ẹnu á gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò ní lè gbé itọ́ mì, wọ́n á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò ní rí ohun tó wà nítòsí, wọ́n á sì máa rìn lọ sójú títì. Ó lè gba ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kúrò lára wọn. Àwọn ará ilé á rò pé wèrè ti dé, wọ́n á so wọ́n mọ́lẹ̀.

Dókítà_Pàjáwìrì

Ẹ fọwọ́ kan abíyá rẹ̀. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kokéènì tàbí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń gùn, ojú rẹ̀ fẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń sáré, àmọ́ òógùn bò ó. Ẹni tó jẹ gegemu, abíyá rẹ̀ gbẹ bíi bébà, ara rẹ̀ gbóná, àpòòtọ̀ rẹ̀ sì le lábẹ́ ìdodo nítorí ìtọ̀ tó há. Ìtọ̀ yẹn nìkan tó láti mú kó máa jà. Ẹ fi rọ́bà fà á, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣì ṣe: wọ́n á fún un ní Largactil, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú wèrè. Ẹ má ṣe é! Largactil náà ń gba ìjókòó tí atropine ń gbà, ó tún lè mú gìrì dé. Phenergan àti Artane kò dára fún un pẹ̀lú. Diazepam tó ń mú ara rọlẹ̀ ni, 5 mg sí 10 mg jẹ́ẹ́jẹ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo mímí rẹ̀. Ẹ fi omi tí kò tutù jù nù ún lára, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Oògùn ibà bíi paracetamol kò ní ṣe nǹkan kan, nítorí òógùn tó gbẹ ló fa ìgbóná náà.

Gegemu ń mú ikùn dákẹ́, kóró sì lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nítorí náà èédú ilé ìwòsàn, 50 g fún àgbàlagbà, ṣì lè wúlò bí ó bá tiẹ̀ ti pẹ́, bí aláìsàn bá mọra rẹ̀ tó láti gbé e mì fúnra rẹ̀.

Àgbẹ̀_Òkè-Ògùn

Ó kan àwa àgbẹ̀ náà o. Gegemu àti àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń hù láàárín ẹ̀wà sóyà àti jéró, kóró wọn á sì bá ìkórè lọ sínú àpò. Ní Karamoja ní Uganda, ní 2019, oúnjẹ ìrànlọ́wọ́ tí irú oró yìí wọ̀ da orí èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 rú, 5 nínú wọn sì kú. Kẹ́ ẹ fà á tu kó tó tanná, kẹ́ ẹ má dúró dìgbà ìkórè.

Akẹ́kọ̀ọ́_Nọ́ọ̀sì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bí atropine bá jẹ́ ẹ̀rọ̀ DDVP, kí wá ni ẹ̀rọ̀ gegemu fúnra rẹ̀?

Ìwé_Àtijọ́

Orílẹ̀-èdè wa níbí ló ti wá. Ẹ̀wà kan ń hù létí odò ní agbègbè Calabar, àwọn Efik ń pè é ní esere. Physostigma venenosum lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ó ń fà mọ́ igi, kóró rẹ̀ dúdú rúsúrúsú, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, ilà jíjìn kan sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn mu: ẹni tó bá bì í, wọ́n á ní kò jẹ̀bi; ẹni tó bá kú, wọ́n á ní ó jẹ̀bi.

Wọ́n gbé e dé Edinburgh. Ní 1855, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa májèlé níbẹ̀, Robert Christison, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì kọ ohun tó ṣe é sílẹ̀. Omi tó fi fá irùngbọ̀n ló mu kó lè bì. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan níbẹ̀, Thomas Fraser, kọ ìwé oyè rẹ̀ lórí ẹ̀wà yìí, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníṣègùn ojú, Argyll Robertson, pé ó ń sọ ọmọlójú di kékeré. Robertson kọ ọ́ jáde ní 1863. Ọdún kejì, ní Prague, dókítà kan, Kleinwächter, fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó mu atropine ní omi ẹ̀wà yìí. Oró kan tú oró kejì. Àwọn onímọ̀ Jámánì méjì, Jobst àti Hesse, yọ èròjà náà ní 1864, wọ́n pè é ní physostigmine. Àwọn ará Faransé pè é ní eserine, láti inú orúkọ Efik. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọdé 46 ní Liverpool ṣa ẹ̀wà tí wọ́n gbá dànù láti inú ọkọ̀ ojú omi jẹ, ọ̀kan nínú wọn sì kú.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ohun tí DDVP ń ṣe lòun náà ń ṣe. Ó ń so mọ́ cholinesterase, acetylcholine á pọ̀, á wá lé atropine kúrò lórí ìjókòó. Ìyàtọ̀ wọn ni pé eserine ń tú kúrò fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, DDVP kò tètè tú. Ní Greenwich ní 1934, Mary Walker fi abẹ́rẹ́ eserine gbé ìpéǹpéjú aláìsàn tí iṣan rẹ̀ kò lágbára mọ́ sókè. Ní 1935, Percy Julian, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà jẹ́ ẹrú, fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe eserine pẹ̀lú Josef Pikl ní ilé ẹ̀kọ́ DePauw, láìlo ẹ̀wà. Inú mi máa ń dùn sí ibẹ̀ yẹn.

Apòògùn_Ìbàdàn

Mo kí yín, ẹ̀gbọ́n. Ìwọ̀n eserine fún ẹni tó jẹ gegemu nìyí: àgbàlagbà, 0.5 mg sí 2 mg sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, kó gba ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán. Ọmọdé, 0.02 mg fún kílò kan, kó má ju 0.5 mg lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá sáré fún un, gìrì lè dé tàbí kí ọkàn dẹwọ́ jù, torí náà kí atropine wà nínú sírínjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ rẹ̀ lè tán láàárín wákàtí kan, gegemu á ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á tún un fún. Wọn kì í fún ẹni tó gbé amitriptyline (oògùn ìsoríkọ́) àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti dúró rí lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo ECG, àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù. Bí omi inú ampoule bá ti di pupa, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ti bà á jẹ́, ẹ dà á nù. Neostigmine tó wọ́pọ̀ ní tíátà kò lè dípò rẹ̀ nítorí kì í wọ ọpọlọ.

Kì í sábà sí nílé oògùn wa, ìdí nìyẹn tí diazepam, rọ́bà ìtọ̀ àti omi fi ń gba iwájú.

Ojú_Alákàn

Ẹ má gbàgbé ojú o. Ẹ̀kán atropine 1% ni a fi ń mú ojú ọmọ dúró jẹ́ẹ́ kí a lè mọ ìwọ̀n jígí tó yẹ ẹ́, a tún ń fi sí ojú tó dáa kí ojú tó ń ṣọ̀lẹ lè kọ́ iṣẹ́. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀. 1% jẹ́ 10 mg nínú 1 ml. Ẹ̀kán kan tó nǹkan bí 0.05 ml, ìyẹn 0.5 mg. Ojú méjèèjì, 1 mg. Ọmọ kílò 10 tí ọkàn rẹ̀ ń dẹwọ́, 0.2 mg ni dókítà á fún un! Nítorí náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kán an, ẹ fi ìka tẹ igun ojú tó sún mọ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì kó má ṣàn lọ sí imú, ẹ nu èyí tó dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ fọ ọwọ́ yín. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ dúró, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ojú tó fẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó padà. Ẹni tí igun ojú rẹ̀ fún, tí glaucoma òjijì (kí ìfúnpá inú ojú ga lójijì) lè kọlù, kò gbọ́dọ̀ kán an.

Kẹmíìsì_Àdúgbò

Dókítà, pralidoxime ńkọ́? Àwọn kan ní òun ni ẹ̀rọ̀ gangan, pé atropine kàn ń gbẹ omi ni.

Dókítà_Pàjáwìrì

Pralidoxime ń fa DDVP kúrò lára cholinesterase, bó bá tètè dé. DDVP wà nínú ẹgbẹ́ tó ń tètè le pinpin mọ́ ọn. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 4, ìdajì ti le, pralidoxime kò lè fà á mọ́. Nǹkan bíi wákàtí 33 ni ti ẹgbẹ́ kejì lára irú oògùn kòkòrò yìí. Ìwádìí lórí rẹ̀ kò sì fẹnu kò. Bó bá wà, tí aláìsàn sì tètè dé: 30 mg fún kílò kan, kó gba ìṣẹ́jú 20 sí 30, lẹ́yìn náà 8 mg fún kílò kan ní wákàtí kan. Ẹ má sáré fún un, ọkàn lè dúró. Ẹ má sì tìtorí rẹ̀ fi atropine falẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Nọ́ọ̀sì

Ìbéèrè kan ló kù. Bí àyà bá ti mọ́, tí dírípù ń lọ, tí aláìsàn ti lajú ní ọjọ́ kejì, ṣé a lè gbé e kúrò níbi tí a ti ń ṣọ́ ọ?

Dókítà_Pàjáwìrì

Rárá o. Atropine kò dé ibi tí iṣan ti ń bá ẹran ara sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24 sí 96, ẹran ara tí a fi ń mí lè rẹ̀ ẹ́ lójijì, kí àyà rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ọrùn ló kọ́kọ́ máa ń sọ fúnni. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, kó gbé e dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ṣe é ní wákàtí méjì méjì, ẹ kọ ọ́ sára bébà yẹn, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọjọ́ tí orí bá kọ̀ láti kúrò lórí ìrọ̀rí, ẹ ránṣẹ́ pe ẹni tó ń fi rọ́bà èémí sọ́fun nígbà náà gan-an, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀.